Ọwọ́ Òsì Kò Gbọdọ̀ Kí Àlejò

Àwọn kan wà tí Ọlọ́run dá tóbi, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé agbádá ọrùn wọn ló tóbi. Irú kejì yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Olúkúnlé Ògúntúndé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ sọ ọ́ sí i létí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyẹn ní nǹkan bí ọdún kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ìjọba sọ pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Alábòójútó Àṣeyẹ àti Ìgbàlejò ni wọ́n ń pè é. Kí ó tó dé ipò náà, kò sí ipò tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ kékeré kan tó ń rí sí ayẹyẹ ìlú ló dá a sílẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sú wọn ní ìpàdé. Wọ́n rò pé bí ó bá ti ń to àga, tí ó ń pa àtíbàbà, ẹnu rẹ̀ yóò sinmi. Ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ń rò! Ní ọjọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àtàrí, ó sì parí nígbà tí adìyẹ ń wọlé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ló pẹ́ jù.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti rìn bí ènìyàn mọ́. Àlàbí, ọkùnrin kan tó fi iṣẹ́ aránṣọ sílẹ̀ kí ó lè máa tẹ̀lé e, ni ó máa ń lọ níwájú, tí á máa ké pé, “Ẹ yà lọ́nà o! Ọ̀gá ń bọ̀!” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ló dúró lọ́nà. Bí Ògúntúndé bá sín, Àlàbí á pàtẹ́wọ́, á ní, “Ọgbọ́n ló ń wá ọ̀nà àtijáde yẹn!” Bí ó bá yán, Àlàbí á ní, “Èrò ńlá ń bọ̀!” Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe, bíi ti ọjọ́ tí ó kí ìyàwó olóògbé kan kú ewu ọmọ, Àlàbí á yí padà sí àwọn ènìyàn, á ní, “Ó jinlẹ̀. Ẹ lọ rò ó.”

Ẹnì kan ṣoṣo ni àpọ́nlé yìí kò ràn, ìyẹn Esther, aya rẹ̀. Bí Ògúntúndé bá dúró níwájú dígí tí ó ń dá ọ̀rọ̀ sọ, tí ó ń na ọwọ́ sókè bí ẹni ń já ọsàn, Esther á kàn yọjú láti ilé ìdáná pé, “Bàbá Ọláyọdé, ọbẹ̀ ń tutù o.”

Ní ọdún yẹn kan náà ni Bernice dé láti London. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Ògúntúndé tó ti kú ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ló lọ kọ́, ó sì kọ́ ọ yege, ṣùgbọ́n ó kọ́ nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń já ẹrù rẹ̀ kúrò lórí lọ́rì, wọ́n rí àpótí dúdú kan tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ìjàpá. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Àwọn kan ní òyìnbó kan ti kú sí i lọ́rùn, pé ìkòkò ìjogún rẹ̀ ni. Bernice ṣí àpótí náà lójú wọn, idẹ dídán kan sì yọ, páìpù rẹ̀ lọ́ pọ̀ mọ́ra, ó yí, ó tún yí, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Ìyá àgbà kan wò ó títí, ó ní, “Ìgbín ni.” Báyìí ni gbogbo Ìlá ṣe ń pè é ní fèrè ìgbín.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ onírẹ̀lẹ̀ ni Bernice. Ó mọ fèrè náà fọn, ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, bí ẹ bá sì bi í léèrè, á sọ fún yín láìfi ọ̀kan pe méjì. Ó lọ bá Bàbá Jóṣúà Dàda, olórí àwọn afunfèrè ìjọ, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, Bàbá. Báńdì yín dára, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣófo. Èmi ni n ó dí i.”

Bàbá Dàda rẹ́rìn-ín. Àgbà tí kì í bínú sí òtítọ́ ni. Ó ní kí ó fọn ọ́n kí òun gbọ́. Nígbà tí ó fọn ọ́n tán, bàbá náà bọ́ fìlà, ó fi nu ojú.

“Irú ohùn wo nìyí, ọmọ mi? Ó rọ̀ bí iyán àárọ̀. Ṣùgbọ́n ìka rẹ kò tẹ̀ ju nǹkan mẹ́rin lọ. Báwo ni nǹkan mẹ́rin ṣe bí ohùn tó pọ̀ tó yìí?”

“Bàbá, fèrè méjì ló wà nínú ọ̀kan yìí,” ni Bernice wí. “Ọ̀kan gùn, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀. Ọ̀kan kúrú, ohùn rẹ̀ yá. Àtàǹpàkò òsì mi yìí ló ń ṣí ilẹ̀kùn láàárín wọn. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á gba ọ̀nà gígùn. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á gba àbùjá.”

“Kí ló dé tí o kò máa gba àbùjá ní gbogbo ìgbà?”

“Bí ẹ bá ń lọ sí oko, Bàbá, ṣé àbùjá nìkan lẹ máa ń gbà?”

“Rárá o. Bí òjò bá rọ̀, àbùjá a máa yọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohùn òkè, àbùjá ló yẹ ẹ́, torí pé lójú ọ̀nà gígùn àwọn ohùn òkè fún mọ́ra jù, ètè á ṣìnà wọ ilé aládùúgbò. Ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀nà gígùn ló ń jẹ́ kí ó rọ̀. Ohùn mìíràn sì wà tí ọ̀nà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ gbọ́ eléyìí.” Ó fọn ohùn kan, ó tẹ ìka méjì láìlo àtàǹpàkò. Ó tún fọn ohùn náà, ó fi àtàǹpàkò kún ìka méjèèjì. Ó tún fọn ọ́n, àtàǹpàkò nìkan ló tẹ̀. “Ohùn kan náà ni. Ibi tí orin ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ ni mo fi ń mọ èyí tí n ó yàn. Etí ló ń pàṣẹ, ìka kàn ń jẹ́ iṣẹ́.”

“Ọwọ́ ọ̀tún tí o ki bọ ẹnu rẹ̀ ńkọ́?”

“Òun ni ọmọrí ìkòkò. Bí mo bá ṣí i, ohùn á tàn. Bí mo bá dé e díẹ̀, á rọ̀. Bí mo bá dé e pa, á máa kùn bí oyin tó ń bínú.”

Bàbá Dàda gbà á sínú báńdì ní ọjọ́ náà. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọbìnrin kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́ orin lọ́dọ̀ Bernice ní àgbàlá ìjọ. Inú ìlú dùn, títí ìròyìn fi dé pé Dókítà Àdìsá ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Dókítà yìí ni wọ́n rán láti yan ìlú tí wọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí ńlá sí, Ìlá tàbí ìlú mìíràn ní agbègbè náà. Ọ̀rọ̀ eré kọ́. Bí aboyún bá rọbí tí ọ̀ràn sì le, inú lọ́rì ni wọ́n ń gbé e sí, ọ̀nà sì kún fún kòtò. Ẹni tí orí bá ṣe ní oore á bímọ sójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ tó ń jẹ́ Abíọ́nà ti pọ̀ ní Ìlá débi pé bí olùkọ́ bá pe orúkọ náà ní kíláàsì, bí ìdajì ìjókòó ni yóò dìde. Ọ̀rọ̀ àwọn tí orí kò ṣe ní oore, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Wọ́n sì sọ pé Dókítà Àdìsá kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìlú kan tẹ́ aṣọ sílẹ̀ fún un láti rìn lórí rẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi fi aṣọ náà bo àwọn ọmọ tó wà níhòòhò, ó sì wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí mọ ẹni tí ètò ìgbàlejò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògúntúndé wá sí àgbàlá ìjọ láti wo ìdánrawò. Àlàbí gbé àga fún un, ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó sì fẹ́ àga náà pẹ̀lú kí ara má bàa gbóná sí i. Báńdì bẹ̀rẹ̀ orin. Nígbà tí ó kan Bernice, ó gbé fèrè ìgbín sókè, ohùn rẹ̀ sì jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi inú àpáta. Àwọn tó ń kọjá dúró. Ọkùnrin kan tó ru agbè ẹmu sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sì rántí gbé e mọ́.

“Ẹ dúró!” Ògúntúndé fò dìde. “Ojú mi ń rí nǹkan! Àlàbí, ṣé ojú tìrẹ náà ń rí i?”

“Ó ń rí i, Ọ̀gá!” ni Àlàbí wí, láìmọ ohun tí wọ́n ń wò.

“Bernice! Ọwọ́ wo lo fi ń tẹ nǹkan yẹn?”

Bernice kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ọwọ́ òsì ni, Bàbá.”

“Ọwọ́ òsì! Èyí tó jẹ́ ọ̀tún, tí a fi ń jẹun, tí a fi ń bura, lo wá ki bọ ihò! Ọwọ́ òsì lo fẹ́ fi kí Dókítà! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ìwọ fẹ́ fi kí àlejò ìjọba!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Àwọn kan lára àwọn tó wà níbẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Nínú ilé tí a bá ti kọ́ ọmọ, a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ògúntúndé ló tọ́ ọ dàgbà di ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni Bernice wí. “Bí wọ́n ṣe ṣe fèrè náà nìyẹn. Ọwọ́ òsì ni àwọn irin rẹ̀ bá mu.”

“Ta ló ṣe é?”

“Àwọn òyìnbó ni.”

“Òyìnbó ni yóò wá kọ́ wa ní ọwọ́ tí a fi ń kí ènìyàn ní Ìlá!”

Bàbá Dàda dá sí i ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Ọ̀gbẹ́ni Ògúntúndé, ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, òun ni ọwọ́ fi ń mọ́.”

“Ìwẹ̀ nìyẹn, Bàbá,” ni Ògúntúndé dáhùn. “Orin kọ́.”

Ó gun orí àga rẹ̀. Àlàbí di ẹsẹ̀ àga náà mú. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀ràngún! Ẹ̀yin tí ẹ rí ìjókòó àti ẹ̀yin tí ẹ kò rí! Ọlọ́run dá ìka márùn-ún, kò sì dá wọn dọ́gba. Àtàǹpàkò ni baálé. Ṣé baálé ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọdé? Láti òní lọ, mo fi àtàǹpàkò síbi ìsinmi! Ìka àárín ló ga jù, òun ni yóò máa ṣe iṣẹ́ jù, torí ẹni tó ga ló ń rí ọ̀nà. Ìfábẹ̀lá jẹ́ ọ̀jẹun, n kò fọkàn tán an, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ó máa tẹ̀. Ọmọńdinrín kò tíì tó ẹni tí à ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni yóò máa tẹ̀! Ọwọ́ òsì, ihò ni kí ó wọ̀, kí ó sì wọ̀ ọ́ jinlẹ̀, kí àlejò má bàa rí i! Ẹni tó bá rú òfin yìí, kò sí báńdì fún un mọ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń kóra jọ sí àgbàlá yìí yóò sì padà sílé lọ gún iyán!”

“Òfin ìka!” ni Àlàbí ké. “Ayé kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí!”

Òtítọ́ sì ni, ayé kò tíì gbọ́ ọ.

Ojú Bernice pọ́n. Ó wo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó dúró lẹ́bàá ògiri, ó gbé ìbínú rẹ̀ mì. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni ẹ bí mi. Ṣùgbọ́n èmi kò lè fọn ọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè fọn ọ́n bẹ́ẹ̀.”

“Kò sí kẹ̀?” Àlàbí ti fò síwájú. “Ọ̀gá fúnra wọn ńkọ́? Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ lásán ń dún bí dùùrù! Ẹni tí a kò ní gbàgbé húnhùn-ún rẹ̀ láéláé!”

Ògúntúndé wo ọ̀run bí ẹni tí a pè láti òkè. Ó ti ń ro ọ̀nà tí òun yóò fi jẹ́ kí Dókítà gbọ́ òun ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni, dájúdájú.

“Gbé e wá,” ni ó wí.

Báyìí ni fèrè ìgbín ṣe dé ilé Ògúntúndé. Ìdánrawò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ó fẹ́ ẹ, nǹkan kan jáde tó dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń pe ọkọ. Òbúkọ kan sì dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, ó wá dúró lójú fèrèsé, ó ń wo inú ilé pẹ̀lú ìfẹ́. Esther lé e, kò lọ.

“Ẹ wò ó, Ọ̀gá,” ni Àlàbí wí, “ẹranko pàápàá mọ ohun rere.”

“Bàbá Ọláyọdé,” ni Esther wí, “ẹ bá mi gbé nǹkan yìí padà fún ọmọ.”

“Ẹ̀yin obìnrin kò mọ orin.”

“N kò mọ orin. Ṣùgbọ́n mo mọ òbúkọ.”

Bernice náà wá, torí pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ó gbàgbé ìbínú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá, bí ẹ bá ní dandan ẹ̀yin lẹ máa fọn ọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ hàn yín. Ẹ má wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ètè ni kí ẹ mú le ní ẹ̀gbẹ́, kí àárín rẹ̀ rọ̀. Ẹ máa da omi inú rẹ̀ nù, torí èémí ń di omi nínú páìpù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ jù, pàápàá bí apá agbádá bá wà lọ́wọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ń fún bí ó ti ń lọ sínú ni.”

“Bernice,” ni Ògúntúndé wí, “nígbà tí mo ń wọ agbádá, wọn kò tíì bí ọ.”

Bernice kí i, ó kí Esther, ó lọ. Ó sọ fún Bàbá Dàda ní ọjọ́ náà pé òun ti sọ tẹnu òun, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò balẹ̀ nítorí ilé ìgbẹ̀bí náà. Bàbá Dàda ní, “Èmi náà, ọmọ mi. Èmi náà.”

Ọjọ́ pé. Pápá ilé ìwé kún fọ́fọ́. Àwọn ìjòyè jókòó, àwọn ìjọ jókòó, àwọn aboyún ni wọ́n fi síwájú kí Dókítà lè rí wọn. Dókítà Àdìsá dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ ẹ̀wù funfun tó mọ́, ojú rẹ̀ le bí ojú ilẹ̀kùn tí a tì. Ó wo aago. Ògúntúndé dìde nínú agbádá sányán tó nípọn bí ẹní, fìlà rẹ̀ ga bí ilé ọ̀kẹ́rẹ́.

Ó kí Dókítà. Ó kí ọkọ̀ Dókítà. Ó kí ọ̀nà tí ọkọ̀ náà gbà, kòtò rẹ̀ àti gegele rẹ̀. Ó ní, “Ìwọ oòrùn tí ń mú ara aláìsàn gbóná! Ìwọ abẹ́rẹ́ tí ń ran ayé tó ya!” Dókítà tún wo aago. Aboyún kan bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé.

“Èmi fúnra mi,” ni Ògúntúndé wá wí, “ni yóò fi ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ iyì, fọn fèrè ìkíni!”

Ó gbé fèrè ìgbín, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ kí ọwọ́ ọ̀tún lè bá àwọn irin náà. Ó ki ọwọ́ òsì bọ ẹnu rẹ̀, apá sányán tẹ̀ lé e wọlé, ó sì tì í jinlẹ̀ kí àlejò má bàa rí i. Ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó fẹ́.

Kò sí ohun tó jáde. Apá agbádá ti dí ọ̀nà pa. Ó tún fẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, ohùn tín-ín-rín kan sì jáde bí ẹ̀fọn tó há sínú ìgò. Ó rò pé irin ló le, ó ki ìka àárín, èyí tó wọ òrùka ńlá, bọ àárín àwọn irin náà láti fi agbára tẹ̀ wọ́n. Omi ọjọ́ gbogbo tó ti kóra jọ nínú páìpù ṣàn padà, ó sì dà sí i láyà kọ̀ọ̀rọ̀kọ̀.

Àlàbí pàtẹ́wọ́. Òun nìkan ni.

Dókítà Àdìsá dìde láti dúpẹ́, ó na ọwọ́ sí i kí wọ́n bọra wọn lọ́wọ́. Ògúntúndé fẹ́ na ọ̀tún. Òrùka ti há sábẹ́ irin. Ó fẹ́ yọ òsì. Sányán ti wú, ó dì. Ó fà á. Ó tún fà á. Ó dúró síwájú gbogbo ìlú, ó gbé fèrè sáyà bí abiyamọ, kò lè na ọwọ́, kò lè bọ́ fìlà, kò sì lè dọ̀bálẹ̀. Ní ìrújú, ó na ẹsẹ̀.

 Ẹnì kan láàárín àwọn aboyún ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó lè dá ẹ̀rín náà dúró mọ́. Àwọn ìjòyè ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ abẹ̀bẹ̀. Bernice kò rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú àbúrò bàbá rẹ̀, ó sì sáré jáde.

“Ẹ má fà á mọ́, Bàbá! Ẹ ó ṣe ara yín léṣe!”

Dókítà ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ Ògúntúndé. “Ó ń wú,” ni ó wí. “Ẹ mú omi tútù àti ọṣẹ wá. Ibo ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù?”

“Ó jìnnà, Dókítà,” ni Bàbá Dàda dáhùn. “Lọ́rì la fi ń lọ.”

“Lọ́rì wo?”

“Ó ti lọ ní àárọ̀, Dókítà. Ó di ọ̀la.”

Dókítà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀. Ó kó apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Bernice gbé àdín wá láti ilé tó wà lẹ́bàá pápá, Esther bu omi. Ògúntúndé ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ewu! Ètò ni! Ohun tí ẹ rí yìí jẹ́ àmì pé...”

“Ọ̀gbẹ́ni,” ni Dókítà wí, “bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, iṣan yín ń le. Bí iṣan bá le, ọwọ́ kò ní jáde. Ẹ pa ẹnu mọ́.”

“Ṣùgbọ́n, Dókítà, àwọn ará ìlú ń...”

“Ẹ pa ẹnu mọ́, àbí kí n gé e?”

Kò sọ bóyá agbádá tàbí ọwọ́ ni òun fẹ́ gé. Ògúntúndé dákẹ́. Ẹ̀yin ènìyàn, ó dákẹ́! Àwọn kan sọ pé àwọn gbọ́ ẹyẹ tó ń ké láti orí òkè lọ́hùn-ún. Bernice da àdín sí ọ̀fun fèrè náà, Dókítà yí ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbẹ̀bí, Esther ń fi omi tútù pa á lára. Lójijì ọwọ́ náà yọ, fèrè sì dún “pọ̀ọ̀ọ́!” ohùn kíkún kan, òun nìkan ni ohùn gidi tó ti jáde ní ọjọ́ náà. Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́.

Wọ́n mú Ògúntúndé jókòó sábẹ́ igi. Bernice yọ òrùka tó há, ó nu àdín inú fèrè náà pẹ̀lú aṣọ ìnujú rẹ̀, ó da omi nù, ó dán àwọn irin náà wò. Wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ro òfin ìka, ó ro àwọn ọmọbìnrin tó wà ní àgbàlá. Ó rìn síwájú àwọn ìjòyè àti Dókítà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

“Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi,” ni ó wí, “ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ òsì ni n ó fi tẹ̀ ẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Mo tọrọ gáfárà kí n tó bẹ̀rẹ̀.”

Ìjòyè àgbà kan na ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Ọmọ, ẹni tó tọrọ gáfárà kò ṣe àìdáa. Fọn ọ́n.”

Ìyẹn nìkan náà ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Gbólóhùn kan ni. Kò gba òfin, kò gba kí ẹnikẹ́ni gun orí àga, kò sì gba kí baálé ìka lọ sinmi.

Bernice fọn ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ní ọ̀nà gígùn, ohùn náà sì rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi. Nígbà tí orin gòkè, àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ irin, ohùn náà ṣí bí ojú ọjọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dé e díẹ̀, ó tún ṣí i. Ó débi ohùn ọlọ́nà mẹ́ta náà, ó yan èyí tó rọrùn jù nínú wọn, báńdì sì gbé e, àwọn aboyún bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ara ṣe gbà wọ́n.

Nígbà tó parí, Dókítà Àdìsá dìde. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Mo wá wo bóyá ìlú yìí nílò ilé ìgbẹ̀bí. Ìlú tí a kò ti rí ibi tí a lè gbé ọkùnrin kan lọ kí wọ́n yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú fèrè, báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọmọ?” Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ síwájú, kò lè sọ ọ́. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ti sọ fún àwọn ìjòyè pé Ìlá ni òun yóò mú orúkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìgbìmọ̀ fi pàdé. Wọn kò lé Ògúntúndé kúrò ní ipò rẹ̀. Ipò náà ni wọ́n lé lọ, wọ́n sì fi òun sílẹ̀ níbi tó wà. Àlàbí ti padà sídìí aṣọ rírán, ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé òun ti kìlọ̀ fún Ọ̀gá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bí Ògúntúndé bá ń kọjá, àwọn ènìyàn á kí i dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó kó lọ sí oko rẹ̀ lójú ọ̀nà Ire, ó ní òun fẹ́ tọ́jú iṣu.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, Bernice lọ kí i. Esther júwe ẹ̀yìn abà fún un, ó ní, “Ó wà lọ́hùn-ún. Bá mi sọ fún un pé kí ó wá jẹun.” Bernice rìn lọ, ó bá a nídìí iná tó ń sun iṣu, ó wọ bùbá kan ṣoṣo, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Bernice kúnlẹ̀, ó kí i. Ògúntúndé ní kí ó jókòó sórí ebè. Ó yí iṣu náà padà nínú iná.

“Bernice,” ni Ògúntúndé wí nígbà tó yá, “ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ohùn tí mo fọn níwájú ìlú, kí omi tó dà sí mi láyà. Ṣé ó burú tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́?”

Bernice wo iná. Bàbá ni, òun sì jẹ́ ọmọ. Ó wá ọ̀rọ̀ dídùn kan, kò rí i.

“Ó burú ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, Bàbá.”

Ògúntúndé kò gbójú sókè. Ó fi ọ̀bẹ ha èérú ara iṣu náà, ó ha á títí ó fi funfun. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bernice rò pé ó ń sunkún, ó fẹ́ dìde láti bẹ̀ ẹ́, ni ó bá gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín kékeré kan ni, ó há díẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí a kò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

“Ohùn òbúkọ,” ni ó wí.

“Òbúkọ dára jù ú lọ, Bàbá.”

Ẹ̀rín náà wá gbà á pátápátá, ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Esther gbọ́ ọ láti abà, ó sì dúró pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, torí pé kò dá ohùn náà mọ̀.